Ohun Tí Téèpù Mọ̀

Bí ẹ bá dì mọ́ Ìyá Téèpù, ẹ ti kó sọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Kí ẹ tó jáwọ́ lọ́rùn ara yín, ó ti mọ bí àyà yín ṣe fẹ̀ tó, ó ti mọ bí ẹ ṣe sanra sí látìgbà tí ẹ ti ránṣọ kẹ́yìn, bí èjìká yín kan bá sì ga ju ìkejì lọ, ó ti mọ ìyẹn náà. Ọkọ rẹ̀, tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, máa ń sọ pé òun nìkan lọ́kùnrin tí ìyàwó rẹ̀ ń wọ̀n kó tó kí i káàárọ̀. Téèpù yẹ́lò kan báyìí kì í kúrò lọ́rùn obìnrin yìí. Ó ń gbé e lọ sọ́jà, ó ń gbé e lọ síbi òkú, kódà ó ń gbé e lọ síwájú pẹpẹ lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ẹni bá ní kó bọ́ ọ sílẹ̀, á ní ṣé wọ́n ń sọ fún káfíńtà kó fi ọwọ́ rẹ̀ sílé ni?

Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Yàrá iwájú ilé wọn ló ti ń ránṣọ. Maṣíìnì dúdú ẹlẹ́sẹ̀ kan wà níbẹ̀, tábìlì tí ó fi ń géṣọ, dígí gíga tí igun rẹ̀ kan ti fọ́, bẹ́ǹṣì kúkúrú fún àwọn oníbàárà, àti wọ́dúróòbù kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í pa dé dáadáa. Ẹ̀yìn gbogbo aṣọ inú wọ́dúróòbù yẹn ni aṣọ akọrin funfun kan wà. Kò tíì lápá. Òwú gbọ̀ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi gbá a mú kí wọ́n tó rán an dáadáa ṣì wà lára rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í léèrè, ohun tí Ìyá Téèpù máa ń sọ ni pé, "Aṣọ oníbàárà ni. Kò tíì wá gbà á."

Irọ́ kọ́. Oníbàárà náà ò tíì wá. Ọdún kejìdínlógún rèé tó ti wà nínú ilẹ̀.

Ohun kan tún wà tí àwọn èèyàn ṣàkíyèsí lára rẹ̀. Bó bá wọ̀n yín tán, kì í kọ nọ́ńbà yín sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó máa pè é, á na ìwé àti bíro sí yín, ẹ̀yin lẹ máa kọ ọ́. Àwọn kan ní ojú ló ń dùn ún, àwọn kan ní ìgbéraga ni. Ìyàwó ilé kejì tiẹ̀ ní bóyá kò mọ̀wé kọ, òun aya tíṣà! Ó gbọ́, kò dá a lóhùn. Ṣé kó wá sọ fún un ni pé bí òun bá ti mú bíro dání báyìí, òun máa ń gbọ́ ohùn ọmọ kan létí òun?

Ohùn ọmọ náà dùn. Olóhùn-iyọ̀ ni gbogbo ìjọ ń pè é nígbà ayé rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ń gbá a di òní olónìí. Ọmọ kan ṣoṣo tí obìnrin náà bí nìyẹn. Ìgbà tí ọmọ pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló mú un wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ìyá Téèpù. Ọmọ ọ̀hún yára lọ́wọ́, ó yára lẹ́nu. Bó bá ń wa maṣíìnì, á máa kọrin, àwọn tó ń kọjá á dúró lẹ́nu ọ̀nà bíi pé wọ́n fẹ́ gba aṣọ. Nínú ẹgbẹ́ akọrin, bí orin bá dé ẹsẹ̀ kejì, òun nìkan ló máa ń gbé ohùn tó wà lókè pátápátá. Àwọn tó kù kò tiẹ̀ dán an wò.

Ìgbà tó di ẹni ọdún mọ́kàndínlógún ni ìjọ fẹ́ rán aṣọ akọrin tuntun. Ìyá Téèpù wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kan Olóhùn-iyọ̀. Ìwọ̀n ọdún tó kọjá wà nínú ìwé, ti àyà wà, ti ìbàdí wà: mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó fa téèpù yí i ká, ó wò ó. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ó tú u, ó tún un fà. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n náà ni. Ó gbójú sókè wo ọmọ náà. Ọmọ náà ti ń wò ó tipẹ́.

"Màámi," ó ní, "ẹ má kọ ọ́."

Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá Téèpù ò kọ irọ́ sínú ìwé yẹn rí láyé rẹ̀. Ó kọ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ká ní ibẹ̀ ló fi mọ ni, à bá ní òótọ́ lásán ló kọ. Ṣùgbọ́n ìwé yẹn ń lọ sọ́dọ̀ Ìyá Ìjọ tó máa pín aṣọ, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó mú bíro pupa, ó fi yí nọ́ńbà náà po. Lẹ́yìn náà ló gbé ìwé sábẹ́ abíyá, ó lọ.

Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ o. Ọdún méjìdínlógún ló fi ń sọ ìyẹn fún Ọlọ́run: Baba, ẹnu mi ò sọ nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹnu rẹ̀ ò sọ ọ́. Bíro ló sọ ọ́.

Ìyá Ìjọ kì í ṣe ọmọdé. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, wọ́n ka orúkọ Olóhùn-iyọ̀ níwájú gbogbo ìjọ. Wọ́n ní kó kúrò láàárín akọrin, kó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn lẹ́bàá ilẹ̀kùn títí tó fi máa ronú pìwà dà. Ó jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan péré. Lọ́jọ́ Fúráìdeè, ó lọ bá ọkùnrin kan ní yàrá kan lẹ́yìn ilé àwọn tó ń tún mọ́tò ṣe, ọkùnrin tó ní òun mọ bí wọ́n ṣe ń ṣẹ́yún. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó kú. Ẹni méjì ló gba ọ̀nà yẹn lọ, ẹnì kankan ò bọ̀.

Ìyá rẹ̀ ò mọ ẹni tó tú u fó. Ó rò pé ojú Ìyá Ìjọ ló rí i, nítorí ojú Ìyá Ìjọ kì í fo nǹkan kan. Gbogbo àárọ̀ Sátidé, bí Ìyá Téèpù bá ti ń kọjá lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì, Ìyá Agbálẹ̀ á nà ró, á fi ọwọ̀ rẹ̀ ti ògiri, á ní, "Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ṣeun tí ẹ tọ́jú ọmọ mi nígbà ayé ẹ̀." Á ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí wọ́n rí irú rẹ̀. Ìyá Téèpù á ní àmín, á sì yára kọjá bí ẹni tí òjò ń lé. Ẹ sọ fún mi, kí lèèyàn lè fi dáhùn irú ìkíni bẹ́ẹ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí ì bá wà bẹ́ẹ̀ títí wọn á fi gbé Ìyá Téèpù náà sin, bí kì í bá ṣe ti pásítọ̀ tuntun. Ọ̀dọ́kùnrin ni, kò sí níbẹ̀ láyé ìgbà náà. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀ sórí pẹpẹ, ó ní, "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin àgbà ìjọ, orí ọmọ ń wọ́ lójoojúmọ́ ní ìlú yìí, ẹ sì wà lọ́jà! Ọmọ tí Ọlọ́run ti mọ̀ kí ìyá ẹ̀ tó mọ̀ ọ́n, ẹnì kan á gbé oyún ẹ̀ wọ yàrá ẹ̀yìn kan, á jáde láìsí i. Àwa ńkọ́? À ń pàtẹ́wọ́, à ń jó. Mi ò bẹ̀ yín kí ẹ sunkún. Mo ní kí ẹ dìde ṣe nǹkan kan."

Ara gbogbo ìjọ bù máṣọ. Wọ́n fẹnu kò pé lọ́jọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ àwọn á wọ́de lọ sí gbọ̀ngàn ìlú, pẹ̀lú pátákó lọ́wọ́, kí ìjọba lè ti irú yàrá ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀ pa. Àwọn akọrin méjìlélógún á ṣáájú nínú aṣọ tuntun. Pásítọ̀ wá tẹjú mọ́ ìlà kẹta. "Ìyá Téèpù ló máa rán an," ó ní, "òun náà ló sì máa bá wa sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ìyá tó ti tọ́ ọmọ obìnrin tó báyìí, ta ló tún kù?"

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Obìnrin náà gba ohun tí pásítọ̀ sọ gbọ́ látọkàn wá. Ìgbàgbọ́ yẹn gan-an ló ń já a jẹ, nítorí kò mọ ọmọ kan tí orí rẹ̀ wọ́ tó ti Olóhùn-iyọ̀, òun àgbà sì wà lọ́jà. Ó wà níbẹ̀ tòun ti bíro pupa.

Lẹ́yìn ìsìn, àwọn akọrin tò sí yàrá tí wọ́n ti ń múra. Ó ń fa téèpù, ó ń pe nọ́ńbà, wọ́n ń kọ ọ́. Wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. "Ìyá, ẹ dín tèmi kù díẹ̀, mo ti ń gbààwẹ̀ látàná." "Tìẹ ò ṣeé dín, àfi ká pín in sí méjì!" Ẹni tó kẹ́yìn ni Kékeré.

Gbogbo ènìyàn ló ń pè é bẹ́ẹ̀, torí pé òun ló kéré jù láàárín wọn. Ẹni ogún ọdún ni, ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tókọ́pì ló ti ń ṣiṣẹ́. Kò ní ìyá, kò ní bàbá mọ́. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ń gbé, ẹni tó ti kìlọ̀ fún un níṣojú àlejò pé ọjọ́ tó bá gbé ìtìjú wọlé, ojú títì ló ti máa bá ẹrù rẹ̀.

Ìyá Téèpù fa téèpù yí ìbàdí rẹ̀ ká. Ọwọ́ rẹ̀ dá dúró. Ó mọ̀ ọ́n kó tó wò ó. "Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n," ó ní.

Kékeré ò kọ nǹkan kan. Ó wo ẹ̀yìn, ó rí i pé àwọn yòókù ti jáde. Ó wá rọra kọ ọ́, ó yí ìwé padà kí Ìyá Téèpù lè rí i. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló kọ.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ó wà bẹ́ẹ̀," ó ní. "Tó bá fi máa di Tọ́sìdeè, á ti jóòótọ́."

Ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde. Ìyá Téèpù jókòó ti àpótí ìwé orin níbẹ̀. Ó gbọ́ ohùn kejì, èyí tí kò sí nínú yàrá. Ẹ má kọ ọ́. Ó gbọ́ ọ ketekete bí ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ létí.

Ọjọ́ Mọ́ńdè dé, kò gé aṣọ kankan. Ọjọ́ Túsìdeè dé, ó tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, ó fi ṣọ́ọ̀kì fà á nílà, ó mú sísọ́ọ̀sì, ó gbé e kalẹ̀. Ilẹ̀kùn wọ́dúróòbù rọra ṣí sílẹ̀ fúnra rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, apá aṣọ àwọn oníbàárà ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ tí kò lápá. Ó dìde, ó tì í. Kò pẹ́, ó tún ṣí.

Tíṣà wọlé, ó rí i. "Ṣé aṣọ yẹn ló ń wọ̀n ẹ́ lónìí ni?" ó ní. "Láti àárọ̀ lẹ ti ń wo ojú ara yín."

Ibẹ̀ ni ẹkún ti bọ́. Ohun tí kò sọ fún ọkọ rẹ̀ fún ọdún méjìdínlógún, ó sọ ọ́ tán láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nọ́ńbà, bíro pupa, ọ̀nà tó gbà, gbogbo rẹ̀. Ó sọ ti Tọ́sìdeè, ṣùgbọ́n kò dárúkọ. "Mo kọ òótọ́, mo pa ọmọ," ó ní. "Ní báyìí, irọ́ ló wà níbẹ̀, bí mo bá sì dákẹ́, mo tún pa ọmọ. Kí ni kí n kọ, Tíṣà? Ẹ ti kọ́ gbogbo ayé níwèé, ẹ sọ ohun tí màá kọ fún mi!"

Tíṣà ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà.

"Nígbà tí mò ń kọ́ wọn," ó ní, "bí ọmọ kan bá kọ ohun tó bà mí lẹ́rù, èmi kì í fi bíro pupa kàn án. Ilé ìyá ẹ̀ ni mo máa ń lọ. Ọ̀rọ̀ yìí ò sí nínú ìwé, ìyàwó mi. Kò sí níbẹ̀ nígbà yẹn náà."

Ní ọ̀sán Wẹ́sìdeè, Ìyá Téèpù ká aṣọ tí kò lápá sínú ọ̀rá, ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá Agbálẹ̀ ń fi omi nulẹ̀ láàárín àwọn bẹ́ǹṣì. Ó nà ró, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kí i bó ṣe máa ń kí i.

"Ẹ má kí mi," Ìyá Téèpù ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kí mi. Èmi ni mo sọ ọ́. Èmi ni mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo fi bíro pupa yí i po, mo gbé e lọ fún Ìyá Ìjọ. Ọmọ náà ní kí n má kọ ọ́."

Ìyá Agbálẹ̀ ò mira. Omi ń kán láti ara àkísà ọwọ́ rẹ̀ sínú péèlì. "Bíro pupa," ó ní.

"Pupa."

"Ọdún méjìdínlógún ni mo fi ń kí yín."

Ìyá Téèpù kúnlẹ̀ sínú omi. Kò sẹ́ni tó gbé e dìde. Ìyá Agbálẹ̀ wo ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì tó ṣí sílẹ̀ sójú ọ̀nà, bíi pé ó ń wo ẹnì kan tó ń kọjá lọ.

"Ilé mẹ́ta ló wà láàárín ilé yín àti tèmi," ó ní. "Ilé Ìyá Ìjọ wà níwájú tèmi. Ẹnu ọ̀nà mi lẹ gbà kọjá. Ẹ gbé ìwé yẹn dání, ẹ gba ẹnu ọ̀nà mi kọjá, bóyá mo tiẹ̀ kí yín. Ká ní ẹ yà ni. Ǹ bá lù ú. Ǹ bá pariwo, ǹ bá pè é ní gbogbo orúkọ tó wà láyé. Lẹ́yìn náà ǹ bá gbé omi kaná fún un kó fi wẹ̀. Ẹ ò jẹ́ kí n gbé omi kaná fún ọmọ mi."

Ó gbé àkísà rẹ̀ sílẹ̀, ó fi aṣọ nu ojú. Ó ní, "Ẹ dìde. Mo ti nu ibẹ̀ tẹ́lẹ̀."

Ìyá Téèpù dìde.

"Òmíràn wà, àbí? Ẹ ò ní ṣàdédé wá jẹ́wọ́ fún mi lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè."

"Ó wà."

"Ẹ má dárúkọ ẹ̀ fún mi. Ìgbà wo ló ń lọ?"

"Ọ̀la."

Ìyá Agbálẹ̀ gbé péèlì rẹ̀. "Aago mélòó?" ó ní.

Ìyá Téèpù ránṣẹ́ sí Kékeré pé kó wá dán aṣọ wò láago méje àárọ̀ Tọ́sìdeè, kó tó lọ síbikíbi tó bá ń lọ. Ó wá wò ó pé bóyá kò ní wá. Láti ọ̀sán yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé aṣọ, kò sì gé e bí wọ́n ṣe ń gé aṣọ akọrin. Láti abẹ́ àyà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi pílíìtì sí i, ìṣẹ́po gbọọrọ, tó fẹ̀, tó ń ṣí.

Ọmọ náà wá. Báàgì kékeré kan wà léjìká rẹ̀, aṣọ tí èèyàn á fi pààrọ̀ ló wà nínú rẹ̀, ó hàn gbangba. Ó wọ aṣọ akọrin náà, ó yíjú sí dígí.

"Màámi, ó tóbi jù."

"Kò tóbi. Mo gé e kó lè gbà yín méjèèjì títí dóṣù kẹsàn-án."

Kékeré jókòó sílẹ̀ gbì. "Ẹ ti sọ fún wọn," ó ní. "Ẹ ti sọ, wọ́n á ka orúkọ mi."

"Mi ò sọ fún ìjọ. Bí wọ́n bá sì fẹ́ ka orúkọ, tèmi ni wọ́n á kọ́kọ́ kà. Lọ́jọ́ Sátidé, èmi fúnra mi ni màá kà á."

"Ẹ̀gbọ́n mi á dà mí síta."

Ibẹ̀ ni Ìyá Agbálẹ̀ ti jáde láti yàrá inú. Ó gbé aṣọ tí kò lápá dání bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ tó sùn. Ó tẹ́ ẹ sórí itan Kékeré.

"Ọmọ mi ló ni èyí," ó ní. "Ohùn ẹ̀ dùn ju tìẹ lọ, má bínú. Òun náà ní òun á tètè dé. Mi ò wá dẹ́rù bà ọ́, ìwọ náà ti bẹ̀rù tó. Mo wá bẹ̀ ọ́ ni. Má lọ. Èyí tó wà nínú ẹ yẹn ò bá ẹnikẹ́ni jà. Bí wọ́n bá lé ẹ, yàrá ọmọ mi wà nílẹ̀. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn síbẹ̀ rí. Inú ẹ̀ mọ́, ìwọ náà mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe."

Kékeré ń fi ìka tẹ̀ lé òwú gbọ̀ọ̀rọ̀ tó wà lára aṣọ náà, láti ọrùn dé ìsàlẹ̀, ó ń sunkún láìpariwo. Aago ara ògiri ń dún. Wọ́n gbọ́ ìgbà tó lù méje àbọ̀, wọ́n gbọ́ ìgbà tó lù mẹ́jọ. Ìyá Téèpù ń gbàdúrà nínú, àdúrà tí kò ní ju ọ̀rọ̀ kan lọ: Baba, Baba, Baba.

"Aago mẹ́jọ ni wọ́n ní kí n dé ọ̀hún," Kékeré ní nígbà tó yá. Ó nu imú. "Ẹ fún mi ní bíro."

Ó ṣí ìwé, ó wá ojú ewé rẹ̀. Ó fa ìlà kọjá lórí mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ó kọ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n sábẹ́ rẹ̀. Ó wá gbé orí lé èjìká Ìyá Agbálẹ̀.

Ọ̀nà kan náà ni Ìyá Téèpù gbà gé méjèèjìlélógún, láti orí ẹni tó kéré jù dé orí ẹni tó sanra jù. Nígbà tí Ìyá Ìjọ rí wọn lójú ọ̀nà lọ́jọ́ Sátidé, ó ṣí ẹnu. "Ìyá Téèpù! Ṣé àgọ́ lẹ rán ni, àbí aṣọ?"

"Àgọ́ ni, mà," Ìyá Téèpù dá a lóhùn. "Òjò ti pa àwọn ọmọ wa tó."

Wọ́n rìn dé gbọ̀ngàn ìlú, wọ́n kọrin, pásítọ̀ sọ̀rọ̀ tó mú àwọn ọlọ́pàá gan-an bọ́ fìlà. Nígbà tó kan Ìyá Téèpù, ó gun orí àga, téèpù lọ́rùn.

"Ẹ ti yàrá ẹ̀yìn yẹn pa," ó ní. "Ìwà ìkà ni wọ́n ń hù níbẹ̀, ẹ tì í. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀ fún yín. Ọmọ kan tí mo kọ́ níṣẹ́ kú síbẹ̀, òun àti oyún inú ẹ̀. Yàrá ẹ̀yìn kọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Orí tábìlì mi ló ti bẹ̀rẹ̀, ó dórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn nínú ìjọ wa, kó tó dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin yẹn. Èmi ni mo júwe ọ̀nà fún un. Ẹ̀ ń sọ fún àwọn ọmọ yín pé kí wọ́n má ṣẹ́yún, èmi náà ń sọ ọ́. Àmọ́ kí ẹ tó la ẹnu, ẹ ṣí ilẹ̀kùn ná. Bí ẹ bá mọ̀, ẹ yà nílé ìyá wọn. Ẹ má gba ẹnu ọ̀nà kọjá."

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ìyá Ìjọ ká pátákó rẹ̀, ó kọrí sílé, ó sì tó oṣù méjì kó tó tún bá a sọ̀rọ̀. Pásítọ̀ dúró, ó dorí kodò. Nígbà tí wọ́n dé ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sọ́ńdè, bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ò sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n bi Ìyá Agbálẹ̀, ó ní ikán ló mú un. Kò sẹ́ni tó rí ikán kankan, kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ti tán síbẹ̀, pé wọ́n dì mọ́ ara wọn. Láti ọjọ́ náà, Ìyá Agbálẹ̀ ò dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Téèpù mọ́. Àárọ̀ Sátidé, á ní, "Ẹ káàárọ̀," á máa gbálẹ̀ rẹ̀ lọ. Ìyá Téèpù gbà á bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀kùn wọ́dúróòbù ṣì ń ṣí. Bí àwọn akọrin bá sì dé ẹsẹ̀ kejì, ó ṣì ń gbọ́ ohùn tó wà lókè pátápátá, tí kò sẹ́nì kankan tó ń kọ ọ́. Kékeré ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀ lóṣooṣù, Ìyá Téèpù á bá a tú pílíìtì kan sí i, Kékeré á kọ nọ́ńbà fúnra rẹ̀: mọ́kànlélọ́gbọ̀n, mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, méjìdínlógójì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lé e lóòótọ́. Yàrá mímọ́ yẹn ló ń gbé.

Ó bímọ, obìnrin ni. Lọ́jọ́ kẹwàá, Ìyá Agbálẹ̀ gbé ọmọ náà wá fúnra rẹ̀, kí wọ́n lè rán aṣọ ìyàsímímọ́ fún un. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tó máa wọ ilé náà láti àárọ̀ Tọ́sìdeè yẹn. Ó tẹ́ ọmọ sórí tábìlì tí wọ́n ti ń géṣọ. Ìyá Téèpù fa téèpù yí àyà rẹ̀ ká, ọmọ náà fi ọwọ́ gbá etí téèpù mú, kò fẹ́ fi í sílẹ̀.

"Mẹ́tàlá," Ìyá Téèpù ní, ó sì na ìwé àti bíro sí i bó ṣe máa ń ṣe fún gbogbo ènìyàn.

Ìyá Agbálẹ̀ gba ìwé. Ó ń ṣí i sẹ́yìn, ó kọjá ọdún yìí, ó kọjá ọdún tó kọjá, ó ń ṣí i lọ títí ó fi dé ibi tí bíro pupa ti ṣá. Ó tẹ́ ìwé sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ, ó fi ìka tẹ ibi tó ṣófo lábẹ́ nọ́ńbà yẹn. Ó gbé bíro padà sọ́wọ́ Ìyá Téèpù.

"Ẹ kọ ọ́," ó ní.